Ètò Tó Ń Retí Ìpè

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ, ojú dúdú tí kò ní àwòrán ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ètò á bi ọ́ pé kí ni orúkọ rẹ, wàá tẹ̀ ẹ́. Á bi ọ́ pé mélòó lo fẹ́, wàá tẹ ìyẹn náà. Á ṣe ìṣirò, á sọ èsì, ó parí. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo mọ ohun tó kàn. Ẹni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè kẹta kó tó dáhùn ìkejì, kò sì lè sọ pé òun fẹ́ ronú sí i ná. Mo pẹ́ nídìí irú ètò bẹ́ẹ̀, Python ni mo fi ń kọ ọ́, ó sì dùn mọ́ mi. Ta ni kì í dùn mọ́ kó máa pàṣẹ, kí nǹkan máa gbọ́?

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò tó ní wíńdò, bọ́tìnnì àti àpótí ìkọ̀wé lórí Linux ni àṣẹ yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi. Nínú GTK, irinṣẹ́ tí mo mú, gbogbo ohun tí ò ń ṣe ni pé kí o to nǹkan kalẹ̀, kí o so iṣẹ́ mọ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan pé bí wọ́n bá tẹ èyí, kí ó pe tọ̀hún. Lẹ́yìn náà o máa kọ ìlà kan, app.run(), o sì máa kúrò lójú ọ̀nà. Láti orí ìlà yẹn lọ, GTK ló gba ìdarí. Ó wọ inú ìyípo kan tí kì í tán, ó ń retí: ṣé máòsì ti sún? Ṣé wọ́n ti tẹ kíbọ́ọ̀dù? Ṣé wọ́n ti fa wíńdò náà gbòòrò? Bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, á pe apá tó yẹ nínú kóòdù rẹ. Apá yẹn á yára ṣe tirẹ̀, á sì dá ìdarí padà. Kóòdù tí mo kọ kò pe ẹnikẹ́ni síbi iṣẹ́ mọ́. Òun ni wọ́n ń pè.

Bí mo bá ń ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò kọ kóòdù rí, ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo máa ń fi ṣe àpèjúwe. Télọ̀ ni wọ́n. Wọn kì í pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀. Ẹnì kan lè wá kí wọ́n wọn òun, ẹlòmíràn lè wá gba aṣọ, ẹnì kẹta lè wá jà nítorí pé bùbá há a lápá. Ẹni tó bá dé ni wọ́n máa dá lóhùn, wọ́n á sì padà sídìí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá wá dorí kodò sórí agbádá kan tí wọn ò gbójú sókè fún wákàtí méjì, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà á gbà pé wọn ò tajà lónìí.

Bí wíńdò ṣe máa ń dì gbagidi nìyẹn. Bí kóòdù tí GTK pè bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, GTK kò ráyè padà sínú ìyípo rẹ̀. Bọ́tìnnì ò dáhùn, wíńdò ò lè tún ara rẹ̀ yà, títí GNOME, ètò ojú kọ̀ǹpútà kan lórí Linux, á fi bèèrè bóyá kí òun fipá tì í ni àbí ẹ ṣì máa ní sùúrù. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ tó gùn lọ sórí thread mìíràn, ìyẹn ọ̀nà iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n thread yẹn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì tàbí àpótí kankan. Bó bá parí iṣẹ́ rẹ̀, GLib.idle_add ló máa rán níṣẹ́ pé nígbà tí ìyípo bá ráyè, kó bá òun gbé èsì sójú wíńdò. Ó pẹ́ kí èyí tó wọ̀ mí lára. Mo mọ òfin náà lórí, àmọ́ ọwọ́ mi ṣì ń kọ kóòdù bíi pé èmi ni mo ni gbogbo àkókò tó wà láyé.

Ní GTK 3, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan ṣì wà fún irú wa. Wíńdò kékeré tó ń bèèrè bóyá kí òun pa nǹkan rẹ́ ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ run(). Bí o bá pè é, kóòdù rẹ á dúró gbọin lórí ìlà yẹn títí èsì á fi dé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é lójú dúdú láyé ọjọ́sí. Nígbà tí GTK 4 jáde ní December 2020, wọ́n ti yọ ọ́. Inú bí mi. Báyìí, mo gbà pé wọ́n ṣe dáadáa. Ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ níwájú GTK 4 gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ tí wọ́n máa pè sílẹ̀ de ìgbà tí èsì bá dé, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò lè dá gbogbo ilé dúró nítorí ìdáhùn kan. Ohun tí mi ò tíì dárí jì wọ́n ni pé àyípadà yẹn sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó wà nílẹ̀ di ẹ̀kọ́ àná. pack_start ti lọ, append ló rọ́pò rẹ̀. show_all náà ti lọ, nítorí pé gbogbo nǹkan tí o bá kó sínú wíńdò ti ń hàn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ lónìí, kó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀kọ́ náà, 2 ni, 3 ni, àbí 4, kó tó fi iná mọ̀nàmọ́ná tó kù nínú bátìrì rẹ̀ ṣòfò.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé kí ló dé tí irinṣẹ́ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí Linux, nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì náà ni gbogbo wọn ń yà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà kí Linux tó dé. Ní 1984, ní MIT l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ X, ètò tó ń gbé wíńdò sójú kọ̀ǹpútà Unix, àwọn tó dá a sílẹ̀ sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti sọ bí bọ́tìnnì ṣe gbọ́dọ̀ rí. X mọ ìlà, ó mọ àwọ̀, ó mọ ibi tí máòsì wà. Bọ́tìnnì nìkan ni kò mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́tìnnì á wá irinṣẹ́ tirẹ̀. Motif ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò nígbà náà, owó ni wọ́n sì fi ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Spencer Kimball àti Peter Mattis, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley, fi Motif bẹ̀rẹ̀ GIMP, ètò àtúnṣe àwòrán tí wọ́n gbé jáde ní 1996. Motif sú wọn, wọ́n bá kọ tiwọn. Ìyẹn ni GTK. Ní Norway, Haavard Nord àti Eirik Chambe-Eng ti ń kọ Qt láti 1991. Matthias Ettrich ní Jámánì gbé Qt, ó fi bẹ̀rẹ̀ KDE, ètò ojú kọ̀ǹpútà kan, ní October 1996. Àmọ́ ìwé àṣẹ Qt nígbà yẹn kò fún ènìyàn lómìnira tó láti yí i padà kó sì pín in, ni Miguel de Icaza àti Federico Mena, ọmọ Mexico méjèèjì, bá fi GTK bẹ̀rẹ̀ GNOME ní August 1997. Nígbà tó di 2000, Qt ti gba ìwé àṣẹ GPL, tó fúnni ní òmìnira yẹn. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà ti tán, ṣùgbọ́n ilé méjèèjì ti nà dúró, kò sí ẹni tó fẹ́ wó tirẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí, ìwé ìtọ́sọ́nà Qt dára ju ti GTK lọ, ó tiẹ̀ dára jù ú lọ jìnnà. GTK ni mo mú nítorí pé láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mò ń lò, Xfce, ètò ojú kọ̀ǹpútà tó fúyẹ́, nìkan ló sì ń gbé láìmí gúlegúle. GTK ni wọ́n fi kọ Xfce, nítorí náà ọ̀pọ̀ ohun tí mo nílò ti wà nínú ẹ̀rọ náà. Dátà wọ́n. Ohun tí kò ní kí n wa nǹkan ńlá sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo tẹ̀ lé.

Iṣẹ́ tí mo fi kọ́ ọ ni ìwé oníbàárà àǹtí mi. Mo fẹ́ kí wọ́n lè tẹ orúkọ kan, kí ìwọ̀n ara ẹni náà jáde, iye tó san, iye tó kù, àti ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń kọ́ni, fọ́ọ̀mù máa ń ní àpótí méjì fún orúkọ, ọ̀kan fún orúkọ àbísọ, ọ̀kan fún orúkọ ìdílé. Mo ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tó láti mọ̀ pé agbára káká ni àǹtí mi fi mọ orúkọ ìdílé oníbàárà kan. Ìyá Ṣọlá oníṣu wà, Ìyá Ṣọlá ilé alájà wà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà. Bàbá Kafíńtà wà, tí kì í ṣe kafíńtà mọ́. Ìyàwó Pásítọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ wá wo ẹni tó máa ní kí wọ́n pín Ìyá Ṣọlá oníṣu sí orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé! Wọ́n á pa láàpútọ́ọ̀pù dé, wọ́n á padà sídìí ìwé wọn, wọ́n á sì jàre. Àpótí kan ṣoṣo ni mo fi sí i, ó gùn, mo sì kọ sórí rẹ̀ pé: Báwo lẹ ṣe ń pè wọ́n?

Ìwọ̀n náà kọ̀, kò gba fọ́ọ̀mù. Èmi ti ń to èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá sílẹ̀, kí olúkúlùkù ní àpótí tirẹ̀. Àǹtí mi wo bébà tí mo yà á sí. "Ẹni tó fẹ́ rán ìró nìkan ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ fi èjìká rẹ̀ ṣe?" Òótọ́ ni. Ohun tí aṣọ bá béèrè ni wọ́n ń wọ̀n. Mo bá ṣe é kí wọ́n máa fi ìlà kún un bó bá ṣe wù wọ́n, orúkọ ibi tí wọ́n wọ̀n lápá kan, iye íǹṣì lápá kejì. Kóòdù rẹ̀ kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Orúkọ oníbàárà ló wá gbé mi dé ibi tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ mú Títílọpẹ́. Lójú èmi àti ẹ̀yin, lẹ́tà mẹ́jọ ni. Bí ẹ bá ní kí Python kà á, á ní 9 ni. Bí ẹ bá tú u palẹ̀ pátápátá, ó di 13. Ìdí ni pé Unicode, àtòjọ tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ tó ru àmì ohùn lórí kò ní àyè kankan. Àmì ohùn ní láti tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ohun ọ̀tọ̀, kí ètò mìíràn sì gbé e gùn ún. Lórí GTK, Pango ló ń gba ọ̀rọ̀ náà, ó ń fi lé HarfBuzz lọ́wọ́, HarfBuzz á wo inú fọ́ǹtì kó lè mọ ibi tó yẹ kí àmì náà bà sí lórí lẹ́tà. Bí fọ́ǹtì náà ò bá mọ̀, àmì á bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó rọ̀ mọ́ lẹ́tà tó kàn. Behdad Esfahbod, ẹni tí iṣẹ́ HarfBuzz pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ Iran ni, kò sì yà mí lẹ́nu. Lẹ́tà Persia máa ń yí ojú padà bó bá ti bá ẹlòmíràn pàdé, ẹni tó bá fi irú rẹ̀ kàwé nílé ẹ̀kọ́ kò ní gbà pé lẹ́tà kan, àyè kan, ọ̀rọ̀ parí.

Níbi ìwákiri ni gbogbo èyí ti bọ́ sójú iṣẹ́. Àǹtí mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń kánjú, wọ́n sì ń kánjú nígbà gbogbo. sola ni wọ́n ń tẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama, kò gba irú ẹ̀: ó ti rí i pé ẹ̀dà Yorùbá wà nínú àtòjọ kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà lórí Linux, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi àmì sórí gbogbo orúkọ tó bá tẹ̀. Ká ní mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, sola kò ní rí Ṣọlá láéláé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti ń tẹ̀wé sínú àpótí ìwákiri, kóòdù mi máa ń tú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ àti orúkọ tó wà nílẹ̀ palẹ̀, ó ń gbọn gbogbo àmì dànù lára méjèèjì, ó wá ń fi wọ́n wéra. Ohun tó ń jáde sójú wíńdò ṣì ru gbogbo àmì rẹ̀. GTK tiẹ̀ ti ro apá kan nínú rẹ̀ sílẹ̀: àpótí ìwákiri rẹ̀ kì í pariwo lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró fún ìdá 150 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí ọwọ́ bá kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù kó tó pe kóòdù. Ẹnì kan jókòó níbì kan, ó ro ọ̀rọ̀ ìka ènìyàn débi yẹn.

Bọ́tìnnì tí mo rò pé kò wúlò, òun ni wọ́n wá. Mo kọ ètò náà kó máa kọ gbogbo nǹkan sínú SQLite, ibi ìkó-dátà-sí lórí ẹ̀rọ náà, bí wọ́n bá ti kúrò nínú àpótí kan, nítorí pé bátìrì tòkunbọ̀ yẹn ti kú, bí wọ́n bá sì mú iná lọ, wọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Fún ìdí yìí, mi ò fi bọ́tìnnì ìfipamọ́ kankan sí i. Ọkàn àǹtí mi kò balẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ, wọ́n tẹ ìwọ̀n, wọ́n wá ń wò yíká wíńdò. "Ibo ni màá ti sọ fún un pé mo ti ṣe tán?" Mo ní ó ti wọlé. Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́, torí mo ti fi ọgbọ́n yẹn yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Báyìí, ìlà kékeré kan wà nísàlẹ̀ wíńdò tó ń sọ pé ó ti wọlé, pẹ̀lú aago. Mo tún fi bọ́tìnnì kan sí i tí wọ́n kọ "Mo ti ṣe tán" sí. Kì í pa ohunkóhun mọ́; ó kàn ń sọ àwọn àpótí náà di òfìfo fún oníbàárà tó kàn. Wọ́n fẹ́ràn bọ́tìnnì yẹn ju gbogbo ohun tó kù nínú ètò náà lọ.

Ìgbà tí wọ́n wà nídìí rẹ̀ tí èmi jókòó sẹ́yìn, tí mi ò fọwọ́ kan máòsì, ni mo kọ́ èyí tó pọ̀ jù. Ó nira púpọ̀ láti jókòó bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀méjì, bọ́tìnnì tó jẹ́ pé ìtẹ̀ kan tó fún un, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì, oníbàárà tuntun méjì á sì jáde. Mo lè ní kí wọ́n yé tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí kọ̀ǹpútà, lẹ́ẹ̀méjì ni wọ́n ń tẹ nǹkan kó tó ṣí, wọn ò sì jẹ mí ní gbèsè ìtẹ̀ kan. Bọ́tìnnì náà ló ń sùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan báyìí lẹ́yìn ìtẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́ nírọ̀lẹ́, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ sínú ètò ojú kọ̀ǹpútà, ó sọ lẹ́tà di ńlá, gbogbo àpótí inú wíńdò mi sì fẹ̀ fúnra wọn láìsí pé ọ̀kan gun orí èkejì. Mi ò kọ ìlà kan fún ìyẹn. GTK kì í fẹ́ kí o sọ pé bọ́tìnnì yìí gbọ́dọ̀ wà ní ibi báyìí gan-an. O máa kó wọn sínú àpótí, wọ́n á bá ara wọn pín àyè bí ọ̀rọ̀ inú wọn bá ṣe tóbi tó. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pè é ní ìdíwọ́.

Àwòrán aṣọ ni wọ́n ń béèrè báyìí. Nínú ìwé àtijọ́ wọn, wọ́n máa ń gé aṣọ oníbàárà díẹ̀, wọ́n á fi píìnì kàn án mọ́ ojú ìwé rẹ̀. Wọ́n lè gbàgbé orúkọ ènìyàn, àní wọ́n lè gbàgbé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní aṣọ àǹkárá tó ní ẹyẹ aláwọ̀ ewé, wọ́n á ṣí ojú ìwé náà láìwo orí rẹ̀. GTK 4 ní Gtk.Picture fún irú iṣẹ́ yìí, ìyẹn rọrùn. Kámẹ́rà láàpútọ́ọ̀pù náà ń sọ gbogbo àwọ̀ di eérú, nítorí náà fóònù ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ la máa fi ya aṣọ, a ó sì fi wáyà gbé e wọlé. Àwòrán fóònù tóbi. Sísọ wọ́n di kékeré máa di wíńdò pa bí mi ò bá gbé e sórí thread mìíràn, òun ni mò ń kọ lọ́wọ́. Orúkọ ni mo fi sókè nínú àwòrán wíńdò tuntun tí mo yà, mo fi aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀. Àǹtí mi ní kí n dorí rẹ̀ kodò: aṣọ ni kó kọ́kọ́ jáde, kó tóbi, kí orúkọ wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ náà kò sì pọn dandan. Mo ti ṣí fáìlì náà, mo ń tún un tò.